Òdòdó Inú Dísìkì

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìfura, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kì í sì í ṣe òwú aláràbarà tó tò sára ògiri. Aṣọ aláwọ̀ eérú kan ni ẹ máa rí, tó fi ń bo ojú kọ̀ǹpútà. Bí oníbàárà bá ti fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà báyìí, aṣọ á ti balẹ̀ gbàà. Á wá rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó." Àga tó fún yín náà, ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ló kọjú sí. Kò sí ohun tí ẹ lè rí níbẹ̀ ju wáyà àti eruku lọ.

Iṣẹ́ ọnà ara aṣọ ló ń ṣe. Ẹ mú aṣọ iṣẹ́ wá, ẹ mú báàgì wá, ẹ mú táwẹ̀lì wá, á bá yín fi òwú kọ orúkọ sí i, tàbí kó fi òwú ya ẹyẹ, ya ewé, ya báàjì ilé ẹ̀kọ́. Ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti máa ń ya ọnà náà. Wọ́n á to ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ á wá máa tẹ̀ lé e: rán síbí, fò síbẹ̀, pààrọ̀ òwú. Èèyàn lè fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko to ọnà kan kí ẹ̀rọ tó lè rán an. Nítorí náà, gbogbo làálàá obìnrin yìí láti ìgbà ọmọge rẹ̀, inú kọ̀ǹpútà yẹn ló wà.

Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Ìyá Ìfura, kò sì bínú sí i. "Ìfura loògùn àgbà," á ní. "Àjà ò fura, àjà jìn, ògiri ò fura, ògiri là." Nígbà tó ṣì ń gba ọmọ iṣẹ́, ọ̀kan nínú wọn gba òmìnira, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí òpópónà kejì. Kò pẹ́ tí ewé àti ẹyẹ ọ̀gá fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lára aṣọ tí kì í ṣe ọ̀gá ló rán an. Ìfura rẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ níwọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn ó kọjá ààlà pátápátá. Bí ẹ bá kí i pé "Ẹ kú iṣẹ́," á kọ́kọ́ wò yín láti òkè délẹ̀, bóyá ẹ ní ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ nípa iṣẹ́ náà.

Ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò fura sí. Ayàwòrán ilé ni ọkùnrin náà ní ọ́fíìsì kan, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í rìn kó má fi pẹ́ńsù há etí. Nígbà tí àìsàn dá a jókòó sílé, tí kò lè ya ilé mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya òdòdó. Ojú fèrèsé ló máa ń jókòó sí. Á ya ọ̀kan, á nà án sí ìyàwó rẹ̀: "Wò ó, báwo lèyí á ṣe rí lára aṣọ?" Ìyàwó á gbà á, á gbé e sójú kọ̀ǹpútà, á máa to ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ọkọ ń yà, ìyàwó ń tò, títí òdòdó fi kún inú kọ̀ǹpútà bámúbámú. Èyí tó yà kẹ́yìn, ó sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n fi ṣe. Òdòdó kékeré kan ni, ewé rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gba nǹkan. "Ti aṣọ ọmọ nìyí," ó ní. "Ọjọ́ tí ọmọ wa bá bímọ, kí ẹ fi aṣọ tí ẹ rán an sí gbé ọmọ náà. Kó mọ̀ pé bàbá àgbà kí òun káàbọ̀." Kò pẹ́ sí i ló dágbére fáyé.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí obìnrin yìí ṣe. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó kó gbogbo ìwé tí ọkọ rẹ̀ ya òdòdó sí, ó kó o sẹ́yìn ilé, ó ṣáná sí i. Ó ní nígbà tí gbogbo wọn ti wà nínú kọ̀ǹpútà, kí ni ìwé tún ń wá nínú ilé, tí ẹnikẹ́ni lè ká a sápò? Ó ń sunkún bó ṣe ń dáná sun ún o, ẹ má rò pé kò dùn ún. Àmọ́ ìfura ò jẹ́ kó gbọ́ ẹkún ara rẹ̀. Àwọn òdòdó yòókù, ó ń rán wọn fún oníbàárà, torí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn kó máa rí wọn níta. Ti aṣọ ọmọ yẹn, kò dán an wò lára àkísà pàápàá. Kò fẹ́ kí ojú ẹnì kankan bà lé e kí ọmọ tó dé.

Nígbà tó yá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tíṣà ni, ó wá sọ fún un pé òun ti lóyún. Ìyá Ìfura jó yí tábìlì ká. Ó lọ ra aṣọ funfun kan tó rọ̀ múlọ́múlọ́, ó ká a sínú ọ̀rá, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ó ku kí oṣù ọmọ pé.

Àárín ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kẹ́. Ó dákẹ́. Kẹ́, kẹ́. Ó rò pé eku ni. Ó wo abẹ́ tábìlì, ó wo ẹ̀yìn àpótí òwú, kò rí nǹkan kan. Ó gbé etí lé kọ̀ǹpútà, inú rẹ̀ gan-an ni. Láti ọjọ́ náà, ọnà tó máa ń ṣí wàá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ falẹ̀. Á tẹ̀ ẹ́, á dúró títí. Nígbà míì gbogbo ojú kọ̀ǹpútà á gan pa. Kí lẹ rò pé ó wá sí i lọ́kàn? Olè! Ó ní ẹnì kan ti wọlé fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà òun. Ó pààrọ̀ àgádágodo ẹnu ọ̀nà. Ó da pọ́dà sílẹ̀ níwájú tábìlì kó lè rí ipasẹ̀ olè náà. Ipasẹ̀ tirẹ̀ nìkan ló rí, ìyẹn náà, ó gbé ẹsẹ̀ lé e wò dáadáa kó tó gbà pé tòun ni.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà kọ̀ tí kò tàn fún odindi àárọ̀ kan, ó gbà tipátipá kí atúnkọ̀ǹpútàṣe wá wò ó. Ọkùnrin gbọọrọ kan ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, Ẹnjiníà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó tàn án, ó tẹ́tí sílẹ̀, ó mi orí.

"Màmá, dísìkì yín ló ń ké. Ó ti fẹ́ kú."

"Ta ló fẹ́ pa á?"

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ pa á, mà. Àwo kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí, ara àwo yẹn ni gbogbo iṣẹ́ yín wà. Apá tín-ín-rín kan wà lórí rẹ̀ tó ń kà á. Tí iná bá ń lọ tó ń bọ̀ lójijì, tí ooru bá mú un, tí ẹ bá ń ti tábìlì nígbà tó ń yí, apá yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà. Kẹ́ tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ó ń wá ohun tó fẹ́ kà ni, kò rí i."

"Ó ṣáà ń ṣiṣẹ́ báyìí."

"Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, mà, a ò mọ èyí tí inú ń run. Tiyín tó ń ké yìí tiẹ̀ ṣe yín lóore. Àwọn mìíràn ò ní sọ nǹkan kan títí wọ́n á fi kú. Ẹ ṣe àdàkọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lónìí, ọ̀kan nílé, ọ̀kan níta. Tí ẹ bá ṣe é tán, ẹ ṣí i wò lórí kọ̀ǹpútà míì kó lè dá yín lójú." Ó wá sọ ọwọ́ sínú báàgì rẹ̀. "Mo tiẹ̀ gbé dísìkì ńlá kan dání. Ẹ jẹ́ kí n bá yín kó gbogbo ẹ̀ kíá."

Hà! Ibẹ̀ ni Ẹnjiníà ti ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́. Ìyá Ìfura tẹjú mọ́ báàgì náà. Ó ti gbé dísìkì wá látilé? Ta ló sọ fún un pé tòun máa kú? Àbí òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é tó fi ń ké, kó lè rọ́nà kó iṣẹ́ oníṣẹ́ lọ? Ó na aṣọ eérú bo kọ̀ǹpútà tòun ti ọwọ́ Ẹnjiníà. "O ṣeun, ọmọ mi. Mo gbọ́. Máa lọ." Ó tẹ̀ lé e dé títì, ó dúró títí ó fi rí i pé ó yà ní ìkóríta.

Síbẹ̀ ẹ̀rù ti bà á. Obìnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun ṣe àdàkọ. Ohun tí kò lè ṣe ni kó kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ó wá jókòó, ó ronú, ó sì gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀ tí ó jẹ́ pé òun nìkan láyé yìí ló lè gbé irú ẹ̀ kalẹ̀. Ó pín iṣẹ́ rẹ̀ sọ́nà. Ó kó báàjì àti lẹ́tà sínú fúláàṣì kan, ó gbé e fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ onígbàjámọ̀. Ó kó ọnà ọrùn aṣọ sínú òmíràn, ó gbé e fún àbúrò ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹyẹ àti ẹranko, ó fi wọ́n sínú ẹ̀kẹta, ó kó o fún ọmọ rẹ̀. Ó rán àpò aṣọ kékeré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi fúláàṣì sínú rẹ̀, ó sì fi ojú abẹ́rẹ́ kan tí ẹlòmíì ò mọ̀ dí ẹnu àpò náà pa. Bí ẹnikẹ́ni bá tú u, òun á mọ̀.

Ẹ ò tíì gbọ́ ibi tó dùn. Ohun kan náà ló sọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: "Ìwọ nìkan ni mo fọkàn tán." Ó kìlọ̀ fún àbúrò rẹ̀ pé kí Àǹtí Nọ́ọ̀sì má gbọ́, torí ó máa ń tojú bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ó sọ fún Àǹtí Nọ́ọ̀sì pé kí onígbàjámọ̀ má gbọ́, torí ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn. Ó ní kí ọmọ òun má sọ fún ẹbí bàbá, má sọ fún ẹbí ìyá. Kò pẹ́ tí onígbàjámọ̀ àti nọ́ọ̀sì, tí wọ́n ti máa ń bá ara wọn ṣàwàdà tẹ́lẹ̀, fi bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn láti ọ̀ọ́kán.

Gbogbo òdòdó ọkọ rẹ̀ wá ńkọ́? Ìyẹn, kò fún ẹnì kankan. Ta ló tó ẹni tí èèyàn ń kó irú ìyẹn fún? Ó ṣe àdàkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fi orúkọ tí kò jọ ti òdòdó bò ó, ó fi í pamọ́ síbi tó dá a lójú pé kò sí olè tó lè dé ibẹ̀.

Kò sì jẹ́ kí àwọn tó fún ní fúláàṣì sinmi. Ó já wọ ilé gbàjámọ̀ lọ́sàn-án kan, orí oníbàárà ṣì wà lábẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n gé apá kan, apá kan kù.

"Mú un wá kí n rí i."

"Àǹtí, ẹ ò rí orí èèyàn lọ́wọ́ mi ni?"

"Orí ò sá lọ. Mú un wá."

Onígbàjámọ̀ ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú àpò náà jáde láàárín àwọn kóòmù rẹ̀. Ìyá Ìfura gbé dígí wọ̀, ó yí àpò náà sókè, ó yí i sílẹ̀. "Òwú ibí yìí dẹ̀."

"Àǹtí, mi ò fọwọ́ kàn án."

"Ṣé mo ní o fọwọ́ kàn án? Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ìyẹn nìkan ni mo sọ."

Ojú àbúrò rẹ̀ pọ́n. "Ẹ gbà á padà tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni mo fẹ́ fi báàjì ilé ẹ̀kọ́ ṣe? Ṣé kí n gé e sórí èèyàn ni?" Oníbàárà bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dun onígbàjámọ̀ gan-an, ó sì fi àpò náà padà sínú dúrọ́ọ̀ láìwo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tí ìkúnlẹ̀ ọmọ rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, Ìyá Ìfura ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ó mú aṣọ funfun jáde, ó nà án sí férémù ẹ̀rọ, ó fi òwú aláwọ̀ òféefèé sí abẹ́rẹ́. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: "Ó ti yá o, bàbá àgbà." Ó ní kí kọ̀ǹpútà ṣí òdòdó náà. Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kẹ́, kéréré, bí ìgbà tí wọ́n ń fi ìṣó ha abọ́. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ ohunkóhun mọ́.

Ó ránṣẹ́ pe Ẹnjiníà. Kò sí ẹlòmíì tó lè pè. Ẹnjiníà yọ dísìkì náà, ó gbé e mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, ó gbọ́ bó ṣe ń ha, ó tètè yọ ọ́. "Apá yẹn ti ha àwo, mà. Ohun tó ti họ kúrò ti họ kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi pé ẹ ṣe àdàkọ."

"Mo ṣe é," ni Ìyá Ìfura wí, ó gbórí sókè. "Ṣé o rò pé mi ò gbọ́ ohun tó o sọ ni? Jókòó síbẹ̀."

Ó pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ dé pẹ̀lú àpò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wọlé nínú aṣọ iṣẹ́, ó rí àpò lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, ó wo èyí tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Tíṣà fi ọwọ́ kan di ikùn rẹ̀ mú wọlé, ó fi ọwọ́ kejì mú ẹ̀kẹta. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wo ara wọn.

"Àǹtí," ni onígbàjámọ̀ wí, "ṣebí ẹ ní èmi nìkan ni?"

"Ohun tó sọ fún èmi náà nìyẹn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ó tiẹ̀ ní kí n ṣọ́ra fún ẹ."

"Fún èmi? Ẹ̀yin gan-an ló ní kí n ṣọ́ra fún!"

Ìyá Ìfura bẹ̀rẹ̀ sí í tú ojú abẹ́rẹ́ àwọn àpò náà, ó ń wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àṣà rẹ̀. Kò sí èyí tí wọ́n fọwọ́ kàn. Ẹnjiníà ki fúláàṣì àkọ́kọ́ bọ kọ̀ǹpútà rẹ̀: báàjì pé, lẹ́tà pé. Ti nọ́ọ̀sì náà ṣí wàá. Ti tíṣà ṣí, ẹyẹ kún ojú kọ̀ǹpútà. "Iṣẹ́ yín pé, mà," ni Ẹnjiníà wí. Gbogbo wọn mí kanlẹ̀, onígbàjámọ̀ tiẹ̀ ti fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Ti bàbá mi ńkọ́?" ni tíṣà béèrè. "Òdòdó aṣọ ọmọ."

"Ìyẹn wà lọ́wọ́ èmi fúnra mi," ni ìyá rẹ̀ wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo ṣe àdàkọ ìyẹn, mo sì fi pamọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni ò lè dé."

"Níbo ni, mà?" ni Ẹnjiníà béèrè.

Ó na ìka sí kọ̀ǹpútà tó kú. "Méjì ni mo ṣe. Ọ̀kan wà ní ojúlówó àyè rẹ̀. Èkejì, mo fi orúkọ míì bò ó, mo fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ nǹkan míì. Bá mi yọ ìyẹn."

Ẹnjiníà gbé dísìkì náà lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Màmá, inú èyí kan náà ni méjèèjì wà."

"Méjì ni mo ní mo ṣe."

"Àpótí kan ṣoṣo lẹ kó méjèèjì sí, mà. Àpótí náà ló jóná."

Ó pẹ́ kó tó yé e. Ó wo dísìkì, ó wo aṣọ funfun tó ṣì na sínú férémù, abẹ́rẹ́ lórí rẹ̀, òwú nínú abẹ́rẹ́. Ó wo àpò mẹ́ta tó tú sílẹ̀ lórí tábìlì. Gbogbo àwọn tó fura sí ló mú tiwọn wá ní pípé. Tirẹ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún. "Ìyàwó wa, ẹ̀gbọ́n mi ni o. Èmi ni mo ń fún un lóògùn nígbà tó ń ya àwọn nǹkan yẹn. Ẹ wá fún mi ní ọrùn aṣọ pé kí n máa tọ́jú, ẹ ò lè fún mi ní òdòdó ẹ̀gbọ́n mi?" Ìyá Ìfura ní, "Mo bẹ̀rù pé wọ́n á jí i." Tíṣà bá ìyá rẹ̀ tú aṣọ funfun náà kúrò nínú férémù, ó ká a, ó gbé e mọ́ ikùn rẹ̀, ó sì sunkún sí i.

Wọ́n bí ọmọ náà láyọ̀. Aṣọ funfun yẹn ni wọ́n fi gbé e, kò sí ohunkóhun lára rẹ̀. Ìyá Ìfura gbìyànjú láti ya òdòdó náà látinú ohun tó rántí. Ó ya ewé tó tẹ̀ wálẹ̀, ó wò ó, ó rí i pé ọwọ́ òun ni, kì í ṣe ọwọ́ ọkọ òun, ó sì pa á rẹ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Àwọn òdòdó yòókù ṣì wà láyé, àmọ́ ara àwọn èèyàn ni wọ́n wà. Àwọn tó ti rán wọn fún láti ìgbà yìí wá, ẹlòmíì ti kó lọ, ẹlòmíì ti fi aṣọ tọrẹ. Nítorí náà, obìnrin tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo iṣẹ́ rẹ̀ wá di ẹni tó ń rìn káàkiri ìgboro, tó ń tẹjú mọ́ ẹ̀yìn aṣọ, mọ́ etí fìlà, mọ́ báàgì olóńjẹ. Bó bá rí òdòdó ọkọ rẹ̀, á fi fóònù yà á, á padà sílé, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í to ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá to ọ̀kan parí, gbogbo rẹ̀ pátá ló máa ń kó fún àbúrò rẹ̀, fún Àǹtí Nọ́ọ̀sì, fún ọmọ rẹ̀, láìdí ẹnu àpò kankan, ó sì máa ń ní kí wọ́n ṣí i wò lójú òun. Ẹnjiníà gan-an ní ọ̀kan lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan, ó rí obìnrin kan ní ibùdókọ̀, báàgì aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Òdòdó kan wà lára báàgì náà tí Ìyá Ìfura ti gbàgbé pátápátá, eléwé gígùn. Ọkọ rẹ̀ yà á ní ọ̀sẹ̀ tí ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yá. Ó sún mọ́ ọn. Obìnrin náà sún síwájú. Ó tún sún mọ́ ọn, ó na fóònù.

"Kí lẹ ń wò?" ni obìnrin náà pariwo. "Láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún lẹ ti ń tọ̀ mí lẹ́yìn!"

"Ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ báàgì yín. Ọkọ mi ló ya òdòdó yẹn. Ẹ kàn jẹ́ kí n wò ó fún ìṣẹ́jú kan."

"Ọkọ yín?" Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó kọjú sí àwọn tó dúró. "Ẹ máa ṣọ́ ẹrù yín o! Ẹ fura!" Ó gbé báàgì náà mọ́ra, ó yí i sínú, ó fi ojú òdòdó mọ́ àyà rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bò ó.